Olúwa Kò Jẹ́ Kí Òkùnkùn Gbé Mi Mì

Mo wá jẹ́rìí oore tí Ọlọ́run ṣe fún mi ní ìlú St Andrews, ní Scotland, níbi tí ọkọ mi ti ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé.

Ìlú kékeré ni, etí Òkun Àríwá ló wà. Láti ọdún 1413 ni yunifásítì ti wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó dàgbà jù ú lọ ní gbogbo Scotland. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń mú ìlú náà gbóná. Bí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò tán ní Oṣù Kejìlá, kálukú á di ẹrù rẹ̀, ìlú á wá dá páropáro. Ọkọ̀ ojú irin kò wọ ibẹ̀ mọ́ láti 1969. Ẹni tó bá fẹ́ ra èlùbọ́ á wọ bọ́ọ̀sì 99 lọ sí Dundee, á gba orí afárá odò Tay, bí ìjì bá sì le, wọn kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀sì alájà méjì gun afárá náà.

Òtútù ibẹ̀ le lóòótọ́, àmọ́ òtútù ní oògùn: ẹ̀wù á gun orí ẹ̀wù, a ó tan hítà. Òkùnkùn ni mo fẹ́ sọ. Ní àárín Oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ á ti kọjá kí oòrùn tó yọ. Kí aago mẹ́rin tó lù, ó ti wọ̀. Nígbà tó bá sì yọ náà, ìsàlẹ̀ sánmà níhà gúúsù ló ń gbà, kì í kan àtàrí ẹnikẹ́ni. Ara àwa tí a dàgbà níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba láti ọdún dé ọdún kò mọ irú èyí rí.

Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe. Ilé àwọn àgbàlagbà ni mò ń lọ, tí mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń fún wọn ní oúnjẹ àárọ̀ àti oògùn. Òkùnkùn ni mo fi ń jáde. Ilẹ̀ á ti dì, á máa dán, èmi á sì máa rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin. Bí mo bá padà délé, oorun á gbé mi lọ. Kí n tó jí, ilẹ̀ ti tún ṣú. Aṣọ tí mo sá sórí hítà kì í gbẹ bọ̀rọ̀, omi ń ṣàn lójú fèrèsé, ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu dúdú.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Bí mo ti wù kí n sùn tó, àárẹ̀ kò kúrò lára mi. Egungun ń ro mí. Èmi tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré, orin kò wá sí mi lẹ́nu mọ́. Mo ń sunkún, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọkọ mi wà ní láàbù, èrò kan sọ sí mi lọ́kàn pé bí mi ò bá sí mọ́, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. Ẹ gbọ́ mi o, ikú ló ń pè mí. Ọlọ́run kọ̀ ọ́!

Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni fóònù ti dún. Màmá kan nínú ìjọ wa ní Dundee ni. Wọ́n ní, "Ìyàwó, a ò rí ẹ ní ìpàdé àwọn obìnrin. Ṣé kò sí?" Mo fẹ́ sọ pé, "Kò sí, Mà," ẹkún ló jáde. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní, "Má gbé fóònù sílẹ̀ o, ọmọ mi. Mò ń bọ̀." Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì nínú òtútù yẹn, wọ́n sì gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ dání nínú kúlà. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, wọ́n jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́, wọn ò sì lọ kí ọkọ mi tó dé.

Àwọn kan nílé ní ayé ló ń bá mi jà, kí n fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀. Màmá bá mi gbàdúrà tagbáratagbára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá náà ló tẹ̀lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Méjèèjì ni mo ń dúpẹ́ fún. Ẹni tó bá ní kí onígbàgbọ́ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Olúwa ti dá mi lóhùn.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ ṣàyẹ̀wò. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń bá ìgbà òtútù wá ló mú mi, fítámì D sì ti gbẹ lára mi. Oòrùn ni awọ ara fi ń ṣe fítámì yìí, ṣùgbọ́n láti Oṣù Kẹwàá wọ Oṣù Kẹta, oòrùn Scotland kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún ṣòro jù fún àwa aláwọ̀ dúdú. Ìjọba gba gbogbo ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù. Tèmi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sì san kọ́bọ̀, nítorí láti 2011 ni oògùn tí dókítà bá kọ ti di ọ̀fẹ́ ní Scotland. Ó fi mí hàn olùgbaninímọ̀ràn kan, ó sì ní kí n máa jáde nígbà tí ojúmọmọ bá wà.

Níbi iṣẹ́, wọ́n bá mi yí àsìkò mi padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí etíkun West Sands lọ́sàn-án. Iyanrìn ibẹ̀ gùn bíi kìlómítà mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya àwọn tó ń sáré nínú fíìmù Chariots of Fire tó jáde ní 1981, ìtàn Eric Liddell, ọmọ Ọlọ́run tó kọ̀ láti sáré lọ́jọ́ Ìsinmi ní Òlíńpíìkì Paris ní 1924, tó sì gba wúrà nínú ìdíje mítà 400. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ òkun bá ń gbá mi lójú. Ìyá arúgbó kan máa ń mú ajá rẹ̀ rìn níbẹ̀, kì í kọjá láìkí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Oṣù Kejì, oòrùn tàn sórí iyanrìn tútù, gbogbo ilẹ̀ ń kọ mànà. Kí n tó mọ̀, orin ti jáde lẹ́nu mi, mo sì kọ ọ́ dé ìparí.

Mo dúpẹ́ fún Màmá. Mo dúpẹ́ fún ọkọ mi, tó ń se oúnjẹ lóru lẹ́yìn iṣẹ́ láàbù. Mo dúpẹ́ fún dókítà náà. Tọkọtaya kan ti dé sí àdúgbò wa báyìí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí òkùnkùn tó wọlé dé ni mo ti mú ìyàwó náà lọ ra fítámì D, àwa méjèèjì la sì jọ ń lọ sí etíkun lọ́sàn-án. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un.