Ihò Ọta Mélòó Ló Tó Ẹ̀rí?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bára wọn díje nídìí ìbọn yíyìn ni kì í ra ọta tí iléeṣẹ́ ti ki tán. Wọ́n á ṣa èèpo idẹ ọta tí wọ́n ti yìn jọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ti práímà tuntun bọ ìdí rẹ̀, wọ́n á wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n á wá fi orí ọta dé e. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń lé: kí ọta tó kẹ́yìn gba ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà. Níbi tí irú wọn bá sì ti pàdé, ọ̀rọ̀ práímà kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èwo ló dára jù? Èwo ló ń jẹ́ kí ihò ọta sún mọ́ra lójú àmì?

Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lèyí jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ ìbéèrè náà dé ìdí yóò bá ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn amòye níbẹ̀: ìgbà wo lèèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé nǹkan báyìí ló fa nǹkan báyìí?

Práímà kéré púpọ̀ sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ife irin pẹlẹbẹ kan ni. Èyí tó tóbi nínú ti ráífù fẹ̀ tó 0.210 ínǹṣì, èyí tó kéré jẹ́ 0.175. Èròjà kan tí kò gba ìgbátí ló wà nínú ife yìí, irin kékeré kan tó ní ẹsẹ̀ sì dúró lé e lórí. Bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá ti gbá ìdí ife náà, èròjà yẹn á fún mọ́ irin, á gbiná, iná á sì gba ojú ihò tóóró kan kọjá lọ bá ẹ̀tù. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Bí iná ọ̀kan bá le, tí ti èkejì rọ̀, ẹ̀tù kò ní jó bákan náà, eré ọta méjèèjì kò sì ní dọ́gba. Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń ṣe èyí tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ fún ìdíje, bíi Federal 210M àti CCI BR-2.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yàn? Ọkùnrin kan á ki ọta márùn-ún pẹ̀lú práímà kan, á ki márùn-ún mìíràn pẹ̀lú òmíràn, á yìn wọ́n sí àmì tó wà ní 100 yáàdì. Márùn-ún àkọ́kọ́ fọ́n ká díẹ̀. Márùn-ún kejì ṣùjọ débi pé ihò ń wọnú ihò. Ó kó práímà àkọ́kọ́ tì, ó sì ń ròyìn fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí èyí tí ìbọn òun fẹ́ràn.

Kí ló rí gan-an?

Lọ́dún 1748, David Hume, amòye ọmọ Scotland, gbé ìwé kan jáde lórí òye ẹ̀dá, ó sì fi bọ́ọ̀lù bílíádì ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀. Ojú wa rí i pé bọ́ọ̀lù kan kọ lu èkejì, ó tún rí i pé èkejì gbéra. Agbára tó so ìkọlù mọ́ ìgbéra, ojú ẹnikẹ́ni kò rí i rí. Nítorí pé a ti ń rí méjèèjì tẹ̀ léra lọ́pọ̀ ìgbà ni ọkàn wa fi so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe, tó mu àgbo lálẹ́, tí ara rẹ̀ yá láàárọ̀, yóò yin àgbo. Ó lè jẹ́ àgbo ló ṣe é lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ibà náà ti ń lọ kó tó gbé ife sẹ́nu. Ìgbà kan ṣoṣo kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọkùnrin oníbọn yìí kò sì tíì ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí Hume ń sọ.

Ìṣirò jẹ́ ká rí bí márùn-ún ti kéré tó. Ká ní ẹ̀rọ tó ń ka eré ọta fi hàn pé eré ọta márùn-ún ń yà kúrò ní àárín gbùngbùn wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwọn oníṣirò bá fẹ́ sọ ibi tí ìwọ̀n tòótọ́ wà, tí wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ ní ìgbà 95 nínú 100, wọn kò lè sọ ju pé ó wà láàárín 6 sí 29. Bí ọta bá di 30, àlàfo náà á fún sí 8 sí 13. Práímà tó fún oníbọn yìí ní 8 lónìí lè fún un ní 14 lọ́la láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà.

Àwọn tó wá ṣáájú mọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹ̀rí. Alexander John Forsyth, pásítọ̀ ìjọ Belhelvie ní Aberdeenshire, fẹ́ràn láti máa fìbọn ṣọdẹ ẹyẹ. Nínú ìbọn òkúta ìṣáná ayé ìgbà náà, iná á kọ́kọ́ bù yẹ̀rì kí ọta tó jáde. Ẹyẹ á rí i, á fò lọ. Forsyth fi èròjà tó ń gbiná bí wọ́n bá lù ú, bíi ti inú práímà, rọ́pò òkúta, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1807. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn ọmọ ogun pa ìbọn olókùúta tì, wọ́n dán méjèèjì wò ní Woolwich lọ́dún 1834, ìgbà 6,000 fún irú kọ̀ọ̀kan. Ìbọn olókùúta kọ̀ ní ìgbà 922. Irú tuntun náà kọ̀ ní ìgbà 36. Ìyàtọ̀ tó tóbi báyìí ì bá ti hàn nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, síbẹ̀ wọ́n yìn ín pé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín práímà méjì tó dára lónìí kò sún mọ́ ìyẹn rárá, ọta márùn-ún ni àwọn oníbọn sì fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Ẹni tó bá pààrọ̀ práímà kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tù sílẹ̀ bó ṣe wà. Práímà tí iná rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè sọ agbára inú ìbọn di ewu, nítorí náà ó ní láti dín ẹ̀tù kù, kó wá máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Kó tó dé ibi tó ń lọ, nǹkan méjì ti yí padà. Bí ihò bá wá ṣùjọ, ṣé práímà ni àbí ẹ̀tù? Atẹ́gùn ńkọ́? Ooru ọ̀pá ìbọn ńkọ́? Bó bá ń yìn wọ́n ní ọ̀kan tibí, ọ̀kan tọ̀hún, atẹ́gùn àti ooru á bá méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ti ẹ̀tù ṣì wà níbẹ̀.

Ó rọrùn láti ní kó yìn ín títí yóò fi dá a lójú. Ṣùgbọ́n iná ẹ̀tù ń jẹ inú ọ̀pá ìbọn. Ráífù ìdíje 6.5 Creedmoor lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà kó tó pé ọta 3,000. Ìwádìí ń jẹ ohun tí à ń wádìí. Hume kò ní kí ẹnikẹ́ni torí èyí káwọ́ gbera. Ohun tó béèrè ni pé kí ìgbàgbọ́ ọlọ́gbọ́n mọ ní ìwọ̀n ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti yìn 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 30, tí kò rí ìyàtọ̀, lè mú práímà tí kì í kọ̀ nínú òtútù, tó sì máa ń wà lọ́jà, kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìdí tí òun fi mú un nìyẹn. Owó àti ọ̀pá ìbọn tó ṣẹ́ kù, kó ná an sórí ìwọ̀n ẹ̀tù, bí orí ọta ṣe wọlé tó nínú èèpo, àti ọwọ́ ara rẹ̀, níbi tí ìyàtọ̀ ti lè tóbi tó láti hàn nínú iye ọta tí apá rẹ̀ ká.