Ta Ló Jẹ̀bi, Ọwọ́ Tàbí Ẹ̀rọ?

Lọ́jọ́ kan ní Mowe, fóònù ní kí n yà kúrò lójú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, pé ọ̀nà àbùjá wà nínú àdúgbò. Mo rí omi níwájú, mo sì kó sí i. Ọmọkùnrin tó bá mi ti mọ́tò bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí i ni?” Mo rí i. Fóònù ni mo gbà gbọ́ ju ojú mi lọ.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ bàálù ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2019, Boeing 737 MAX ti Ethiopian Airlines gbéra ní Addis Ababa, ó sì já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn náà. Ènìyàn 157 ló kú, títí kan Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, òǹkọ̀wé wa, ọmọ Ìsánlú. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tí irú bàálù kan náà pa ènìyàn 189 ní Indonesia.

Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MCAS wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ imú bàálù wálẹ̀ bó bá rò pé ó ga jù. Ohun ìwọ̀n kan ṣoṣo ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ìyẹn purọ́, ẹ̀rọ gbà á gbọ́, ó ń tẹ imú wálẹ̀ léraléra. Ṣáájú jàǹbá Indonesia, wọn kò sọ fún àwọn awakọ̀ pé ẹ̀rọ náà wà.

Àwọn kan ní ọwọ́ tó bá mọ iṣẹ́ ì bá borí rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn ará Ethiopia pa iná tó ń darí ìrù bàálù, wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ yí i; eré ti pọ̀ jù, kò yí. Lóòótọ́, lọ́dún 2009, nígbà tí yìnyín dí ohun tí bàálù Air France fi ń wọn eré lókè òkun Atlantic, ẹ̀rọ dá iṣẹ́ padà fún ọwọ́, ọwọ́ sì gbé imú sókè títí bàálù fi já. Ènìyàn 228 ló bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ ń bá fò lójoojúmọ́, níbo ni kó ti rí ọwọ́ lọ́jọ́ wàhálà?

Ní Lísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, níbi tí bàálù Bellview já sí lọ́dún 2005 tí ènìyàn 117 kú, àwọn olùwádìí kò rí okùnfà fìdí múlẹ̀. Ta ni a ó bi? Ti MAX yàtọ̀: àwọn kan mọ̀, wọ́n dákẹ́. Ẹrẹ̀ Mowe, ẹ̀bi tèmi ni, omi wà lójú mi kedere. Awakọ̀ Indonesia kò rí omi kankan.