Ṣòkòtò Àgbàwọ̀ Lọ́jọ́ Ìsìnkú

Àwọn àgbà ní, "Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n fi bo òwe yìí lójú, ọ̀rọ̀ ìwà ló wà nínú rẹ̀. Ó sì kan gbogbo wa ní ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwòrò, pàápàá bí àgbà ilé bá tẹ́rí gbaṣọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀. Bó bá fún, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa fún àgbà. Ẹ̀rù á máa bà á kí ó má fàya nídìí. Bó bá ṣò, ọwọ́ kan ni yóò fi jó, ọwọ́ kejì á máa di ìbàdí mú. Olóhun sì wà láwùjọ, ó ń wo ohun rẹ̀. Òwe náà kò sọ pé ṣòkòtò yìí burú o. Ó lè jẹ́ ètù, ó lè jẹ́ sányán. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni télọ̀ wọ̀n kí ó tó rán an, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kì í ṣe àwọn àgbà yìí kan náà ló ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn? Àwọn ni. Òwe yẹn ń sọ bí ayé ṣe ń ṣe. Eléyìí ń sọ bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí ṣe. Ẹni tí ayé bá kí nítorí aṣọ aláṣọ, aláṣọ ni wọ́n kí.

Àwa náà mọ iyì aṣọ. Ní Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ipò ni wọ́n fi ń bu ọlá fún olóyè tó bá kú. Láyé àtijọ́, ara aṣọ òyìnbó àti búláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti máa ń tú òwú pupa rẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán, kí wọ́n tó gbé e sórí òfì. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé nípa aṣọ Bùnú ní ọdún 1995. Aṣọ náà ní òṣùwọ̀n: ipò tí olóògbé dì mú nígbà ayé rẹ̀ ló pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyè ní òṣùwọ̀n ní Kàbà, níbi tí Ọbaró ti ní àyè tirẹ̀, tí Ọbadọ̀fin ní tirẹ̀, tí Ọbajẹmu sì ní tirẹ̀.

Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ mọ́ tónítóní. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìnáwó òkú wà lára ohun tó ń sọ ènìyàn di ìwọ̀fà. Wọ́n á sin òkú tán, ọmọ rẹ̀ á ṣì máa sìn lóko olówó nítorí ọjọ́ kan péré.

Lónìí, ẹ jókòó sí ìpàdé ẹbí ṣáájú ìsìnkú. Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé: màlúù, kánópì, olórin, àwọn tó ń gbé pósí jó, aṣọ ẹbí, fọ́tò ńlá tí wọn yóò gbé sí ojú títì. Ẹnìkan á ní, "Bàbá wa kì í ṣe ẹni kékeré o." Gbogbo ilé á dákẹ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ pé owó kò sí. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ á lọ yá owó ní kóòpù. Àgbẹ̀ á gba owó káṣú tí kò tíì so lọ́wọ́ oníṣòwò, ní iye tó bá wu oníṣòwò. Bí káṣú bá pọ́n, ti ẹlòmíràn ni. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lo oṣù púpọ̀ láìrí owó oṣù. Ẹni tó ti jẹ gbèsè àríyá sọ́rùn ṣáájú àkókò yẹn mọ ohun tí òwe pè ní fífún lẹ́sẹ̀.

Ṣíṣò rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìwọ̀n tí o fi ara rẹ hàn ni ayé yóò fi máa wọ̀n ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì á fi ọ́ ṣe alága ìkórè, ẹbí á gbé owó ilé-ìwé ọmọ wọn wá bá ọ, o kò sì lè sọ pé kò sí, nítorí gbogbo wọn ló rí màlúù. O tún di ẹni tó ń yá owó. Àwọn àgbà sì ní, ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé, tí owó kékeré ì bá gba ẹ̀mí là, ta ni yóò yá ọ?

Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 lè mú ẹni tó ń fọ́n náírà lójú agbo. Kò sí òfin tó lè mú ẹni tó yá náírà ọ̀hún wá ná. Ẹ̀rí ọkàn nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Yíyá owó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó yá owó ra ajílẹ̀, tàbí tó fi rán ọmọ níléèwé, kò fi ohun olóhun ṣe fáàrí. Ohun tí òwe yìí kọ̀ ni kí á gbé ọlá ẹlòmíràn wọ̀, kí á pè é ní tiwa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí tó fẹ́ sìnkú, kí akọ̀wé tó kọ màlúù sílẹ̀, kí olórí ẹbí béèrè pé, "Èló ló wà nílẹ̀?" Kí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sọ ọ́ láìtijú, kí ẹni tó ní mílíọ̀nù má fi bú u. Iye tó bá kó jọ, òun ni kí ẹ ná. Ìsìnkú tí kò fi gbèsè sílẹ̀ fún alààyè ni ẹ̀yẹ tó tọ́ sí òkú.