Ohun Tí Olùrà Kò Lè Rí

Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún. Apá òsì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gbà. Ọwọ́ ọ̀tún ni sitíárìn ọkọ̀ wọn wà.

Bí o bá ń yí irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ padà nílé rẹ ní Ìjàgbó, sitíárìn nìkan kọ́ ni yóò ṣí nípò. Irin tó ń darí táyà àti bíréèkì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Irin tí a jó tí kò dúró dáadáa lè já lójú ọ̀nà Ọ̀ffà.

Nígbà tí o bá fẹ́ tà á, bí olùrà kò bá béèrè, ṣé o lè dákẹ́? Àwọn kan a ní, “Ọjà ni, kí olùrà la ojú rẹ̀.” Ojú ha lè wo inú irin bí? Ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Ọmọ iléèwé tó ń kọjá létí títì kò sì sí níbi tí ẹ ti ná ọjà náà.

Iṣẹ́ òní: Kí ni o tún ṣe tí ẹlòmíràn fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé? Sọ òtítọ́ rẹ̀ fún un kí ó tó sanwó.