Ìrìn Òru Lórí Òkè Hiei

Lórí Òkè Hiei, nítòsí Kyoto ní Japan, àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà ti ìjọ Tendai kan ń fẹsẹ̀ la igbó já, nǹkan bí kìlómítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóru kan, bàtà koríko lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ parí ìrìn yìí yóò rìn ín fún 1,000 ọjọ́ láàárín ọdún 7. Àwọn kan ní ìyà ni wọ́n fi ń wá ojúure ọ̀run. N ò gbà. Bó bá jẹ́ ìyà lásán ni, wọn kì bá tí máa dúró nídìí igi, létí omi, lẹ́bàá òkúta, láti gbàdúrà. Ìdúró yẹn gan-an ni ẹ̀sìn. Ṣé ẹni tó ń sá eré ìje orí òkè kì í làágùn bíi tiwọn ni? Ó ń làágùn o. Àárẹ̀ ò mọ olùfọkànsìn yàtọ̀. Àmọ́ aago ló ń darí eléré ìje: kò ráyè wo igi, àfi bí gbòǹgbò bá gbé e ṣubú.