Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Òfin kan wà nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 22, tí àwọn oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí. Ó sọ pé bí o bá gba aṣọ aládùúgbò rẹ ṣe ohun ìdógò, o gbọ́dọ̀ dá a padà fún un kí oòrùn tó wọ̀, nítorí aṣọ kan ṣoṣo tó ní láti fi bora nìyẹn. Ọlọ́run wá béèrè ohun tí ẹni náà yóò fi bo ara rẹ̀ sùn lóru, ó sì kìlọ̀ pé bí aláìní náà bá ké pe òun, òun yóò gbọ́. Deutarónómì 24 tún ọ̀rọ̀ yìí sọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹni tó yáni lówó kò ṣe àìdáa. Gbèsè wà nílẹ̀ lóòótọ́, òfin kò sì ní kó gbàgbé owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀tọ́ olówó gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún òtútù tó ń mú tálákà. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé aṣọ tí ẹlòmíràn yóò fi bora lóru kì í ṣe ohun tí a fi ń ta á lọ́rẹ. Tirẹ̀ ni. A kàn ń dá a padà fún un ni. Èrò yìí ni mò ń gbé lọ sídìí abẹ́rẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun náà ló sì ń fa àríyànjiyàn láàrin èmi àti àwọn tí mo fẹ́ràn.

Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, télọ̀ ni ìyá mi, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n sì ti tọ́ wa dàgbà. Nítòsí ilé mi níhìn-ín, ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran kan wà tí àwọn obìnrin ti ń péjọ rán aṣọ ìbora tí wọ́n ń pè ní kúìlìtì. Ọ̀pọ̀ wọn ló dàgbà jù mí lọ. Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àpò tó kún fún ègé àǹkárá, wọ́n fún mi ní àga, mo sì di ará ibẹ̀. Àjọ Lutheran World Relief la máa ń kó àwọn aṣọ náà fún. Ọdún 1945 ni àwọn ìjọ Lutheran ní Amẹ́ríkà dá àjọ yìí sílẹ̀, nígbà tí ogun sọ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù di aláìnílé. Lónìí, àwọn tí ogun tàbí àjálù lé kúrò nílé ló ń gba àwọn kúìlìtì náà, irú bí àwọn ará Síríà tó sá wọ Jọ́dánì.

Ẹni tí kò rí kúìlìtì rí lè rò pé búláńkẹ́ẹ̀tì lásán ni. Ipele mẹ́ta ni, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Ti òkè ni èyí tí a fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin rán pọ̀, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, olódòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìlódòdó. Ti àárín ni ohun tó ń mú ooru wá: ó lè jẹ́ òwú títẹ́, ó sì lè jẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ara rẹ̀ ṣì le. Ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 60, gígùn rẹ̀ jẹ́ 80. Nígbà tí a bá ti rán etí rẹ̀ yíká tán, a ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn, a ó sì máa fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tó nípọn gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ká fà á padà sókè, ká ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mejì, káàkiri gbogbo ara rẹ̀, kí ti àárín má baà rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ìka ló ń ṣe èyí, ẹ̀rọ kò ràn án. Mo máa ń gbàdúrà sí ìdí kókó kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ sí kókó kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Ire ni mò ń sọ sí i: kí ẹni tó máa fi bora jí láàárọ̀, kí ó tún rí ilé.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣe ìṣirò owó ní Èkó kò rí ohun tí mò ń rí. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ ṣírò ẹ̀. Owó òwú, owó iná, owó ọkọ̀ ojú omi, àti gbogbo wákàtí tí ẹ fi jókòó. Tí ẹ bá fi owó yẹn ránṣẹ́, búláńkẹ́ẹ̀tì mélòó ni wọn ò ní rà níbẹ̀?” Kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Níbi tí ọjà bá ṣì ń ná, owó dára ju aṣọ lọ: ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ yóò yan ohun tó fẹ́, oníṣòwò ìlú náà yóò sì rí tà. Mo ń fi owó ránṣẹ́ pẹ̀lú, n kò sì rò pé kúìlìtì lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọjà ti jóná ńkọ́, tí olùtajà àti olùrajà jọ wà nínú àgọ́ kan náà?

Ohun mìíràn tún wà tí ìṣirò rẹ̀ kò kà. Bí mo bá fi owó ránṣẹ́, mo tẹ fóònù, ó tán, n kò ní láti ro ẹnikẹ́ni. Aṣọ kò gbà fún mi bẹ́ẹ̀. Ó ń bi mí léèrè bóyá yóò dé ẹsẹ̀ ọkùnrin gíga. Ó ń bi mí bóyá ìyá kan lè fi òun bo ara rẹ̀ àti ọmọ méjì lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, bóyá àwọ̀ òun yóò tètè gba ìdọ̀tí níbi tí omi ìfọṣọ ti wọ́n. Àwọn tó gba kúìlìtì ti fi pín yàrá sí méjì kí obìnrin lè rí ibi pa aṣọ dà, wọ́n ti fi ṣe ẹní, wọ́n ti ta á sókè fún òjìji. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àpọ́sítélì Jákọ́bù bá àwọn tó ń sọ fún ẹni tó wà ní ìhòòhò pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ móoru, wí gidigidi, nítorí ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìṣẹ́gun dé Ìṣẹ́gun, ọwọ́ mi ń kọ́ ohun tí ẹnu mi ti ń sọ láti kékeré.

Ibì kan wà tí n kì í ti fọwọ́ rọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ìlú tí wọ́n ń kó ọrẹ wá wá. Mo mọ òkìrìkà. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń tú béèlì lọ́jà, tí ẹ̀wù tí bọ́tìnì rẹ̀ ti já àti ṣòkòtò tí ìdí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ń tú jáde, ohun tí ẹnì kan ní ìlú òyìnbó ti wò tó sì rò pé ó tó fún wa. Wọ́n ń tà á ni o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ pè ní ọrẹ àánú. Aṣọ ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó wọ̀ ọ́, ó ń sọ iye tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kà á sí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ́tìnì tó ti ṣá wá sí ìdí tábìlì wa, tí ó ní yóò ṣe é lò fún àwọn tí kò ní nǹkan, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí n kò lè fi bo ọmọ ọmọ mi kò gbọdọ̀ wọ inú kúìlìtì. Ìyá àgbà kan láàrin wa, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni agbẹjọ́rò mi nínú ọ̀rọ̀ yìí: kì í jiyàn, ó kàn máa ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ náà sọ́tọ̀ fún nínu tábìlì.

Gbogbo wa la mọ Dọ́káàsì, tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Nígbà tó kú ní Jọ́pà, bí Ìṣe Àpọ́sítélì orí 9 ṣe sọ ọ́, àwọn opó yí Pétérù ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù tó rán hàn án. Ìtàn náà ń fún mi láyọ̀, ó sì ń dà mí láàmú, nítorí Dọ́káàsì mọ àwọn opó rẹ̀. Ó wà pẹ̀lú wọn, ó mọ èjìká ta ló gbòòrò. Èmi kò mọ ẹnikẹ́ni. Ǹjẹ́ ènìyàn lè fẹ́ràn ẹni tí kò rí rí, tí kò sì ní rí láé, àbí orúkọ rere lásán ni mò ń fún ìgbádùn ara mi?

Agbo ilé bàbá mi ló ràn mí lọ́wọ́ níbi tí n kò retí. Bàbá mi gba Jésù, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń gbé eégún jáde. Mo rí i ní kékeré bí àwọn ìyàwó ilé àti ọmọ-osú ṣe ń mú aṣọ wá, àrán, àǹkárá, aṣọ òkè, kí wọ́n lè rán an mọ́ èyí tó wà lára ẹ̀kú tẹ́lẹ̀, aṣọ tuntun lórí ti àná, títí ẹ̀kú náà yóò fi wúwo. Ẹni tí wọ́n ń rán an fún, kò sẹ́ni tó ń rí ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú ìjọ kò ní dùn sí kí n sọ èyí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: àwọn ènìyàn mi ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé a lè fi aṣọ tó dára jù lọ fún ẹni tí a kò rí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni ará ọ̀run náà, wọ́n sì ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó wà nínú àgọ́ ní Jọ́dánì kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi, n kò sì ní nǹkan kan tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí ni mo ti rò pé Kristi fẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan kọjá ibi tí àwọn baba mi dúró sí.

Ìyálé mi, Alhaja, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Ìwó, ló là mí lóye jù lọ. Mo sọ fún un lórí fóònù pé àwọn kan nínú wa fẹ́ ká máa kọ orúkọ wa sí ìdí kúìlìtì. Ó ní, “Ìyàwó mi, ẹ ò ní fi ìrègún bà á jẹ́?” Ó rán mi létí pé Al-Kùránì, nínú Súrà kejì, kìlọ̀ pé ìrègún ń sọ sàárà di asán, àti pé Súrà 76 yin àwọn tó ń bọ́ tálákà, ọmọ òrukàn àti ẹlẹ́wọ̀n nítorí Ọlọ́run, láìretí ẹ̀san, láìretí ọpẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sídìí tábìlì, mo sì fi tèmi kún un: ẹni tó ń dá ohun ìdógò padà, ṣé ó máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí aṣọ aláṣọ ni? Wọ́n fi ọ̀rọ̀ orúkọ sílẹ̀.

Ẹnì kan bi mí pé kí ni mo gbà lọ́wọ́ àwọn ará Síríà tí mo ń sọ pé mò ń dá padà. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Basil, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà ní ọ̀rúndún kẹrin, ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bí wa: ó kọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú rẹ̀ pé ẹ̀wù tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí jẹ́ ti ẹni tó wà ní ìhòòhò. Jòhánù Onítẹ̀bọmi náà sọ fún ẹni tó ní ẹ̀wù méjì pé kó fún ẹni tí kò ní ní ọ̀kan. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo rí léèsì tí n kò wọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi. Ta ni mo ń bá tọ́jú rẹ̀?

Nígbà míràn, ìdógò náà kì í ṣe àfiwé rárá. Harriet Powers, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Georgia lọ́dún 1837, fi aṣọ gé àwòrán ìtàn Bíbélì, ó sì rán wọn mọ́ kúìlìtì kan. Lọ́dún 1886, ó pàtẹ rẹ̀ níbi ìpàtẹ òwú ní Athens, ní Georgia kan náà. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan, Jennie Smith, fẹ́ rà á, Powers kọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nǹkan le fún òun àti ọkọ rẹ̀, ó gbé e wá, ó sì ní dọ́là 10. Smith ní 5 ni òun ní. Powers gba 5 náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń padà wá wo kúìlìtì rẹ̀ nílé ẹni tó rà á. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ló wà báyìí, mo sì dúpẹ́ pé Smith kò jẹ́ kó ṣègbé, pé ó tún kọ àlàyé Powers sílẹ̀. Síbẹ̀, lójú mi, aṣọ ìdógò ni. Àìní ló gbà á lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, kò sì sẹ́ni tó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ìrònú rẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbọ́ ìyìn tí wọ́n ń yìn wá bíi pé àwa ni a bẹ̀rẹ̀ oore láyé.

Kí wọ́n tó kó àwọn kúìlìtì lọ, wọ́n máa ń tẹ́ wọn sórí ẹ̀yìn àga ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kan fún ìbùkún. Pásítọ̀ á ní kí àwọn tó rán wọn dìde, ìjọ á sì pàtẹ́wọ́. Mo ti lọ bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní kó yọ pípàtẹ́wọ́ kúrò, kó fi kíka orúkọ àwọn ìlú tí aṣọ ń lọ rọ́pò rẹ̀, kí ìjọ sì gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba ìdajì: ó ń ka àwọn ìlú náà báyìí, ó ṣì ń ní ká dìde. Ó ní ìjọ nílò láti rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́, kí àwọn ọ̀dọ́ lè dara pọ̀ mọ́ wa. Mo gbọ́ ohun tó sọ, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀, nítorí ojú àwa tó ń rán an ti ń ṣú. N kò tíì gbà pẹ̀lú rẹ̀.