Ẹni tí Ó Ń Bẹ̀bẹ̀ kí Ìjọba Ọlọ́run Dé

Ní etí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ owó-orí, ọlọ́pàá àti kóòtù ni ìjọba. Nítorí náà, bí Kristẹni bá gbàdúrà kí ìjọba Ọlọ́run dé, ilẹ̀ kan tí yóò sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ni ó sábà máa ń rò. Ṣùgbọ́n láti ara “jọba” ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: jíjẹ ọba ni ó kọ́kọ́ ń sọ, kì í ṣe ilẹ̀ tí ọba ń ṣe àkóso. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni basileia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Mátéù àti Lúùkù lò. Mátéù tilẹ̀ so ẹ̀bẹ̀ mìíràn mọ́ ọn, pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ.

Abẹ́ àwọn ará Róòmù ni àwọn Júù wà nígbà náà. Kò yani lẹ́nu pé Jákọ́bù àti Jòhánù tọrọ ìjókòó ọ̀tún àti òsì nínú ògo Jésù, bí Máàkù ti ròyìn ní orí 10. (Oyè ni wọ́n ń wá, ta ni kò wá a rí?) Jésù bi wọ́n bí wọ́n bá lè mu nínú ago tirẹ̀. Ní Gẹtisémánì, òun fúnra rẹ̀ bẹ Bàbá kí ó mú ago náà kúrò, kí ó tó fi ìfẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àdúrà tí ó fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó wá di ẹrù lórí òun náà.

Olùkọ́ Kristẹni tí ó ń ṣáájú àwọn ọmọ nínú àdúrà yìí láràárọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kí Ẹlòmíràn jọba nínú kíláàsì tí òun ti jẹ́ ọba. Pàṣán wà lórí tábìlì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò tíì rí owó ilé-ìwé san jókòó sẹ́yìn. Olùkọ́ ti ṣe àmín; ìwé orúkọ ni yóò ṣí tẹ̀lé e.